Ta ló wà níhìn-ín kí ọba tó dé? Ìdáhùn sí lẹ́tà kan láti agbègbè Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ lẹ́tà sí mi láti agbègbè Ìkọ̀lé-Èkìtì. Àwọn ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń kọ ìwé ìtàn ìlú wọn, orí kìíní ìwé náà sì ti dá awuyewuye sílẹ̀. Mo gé lẹ́tà wọn kúrú díẹ̀: “Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní ká kọ ọ́ pé igbó kìjikìji ni gbogbo ibí yìí, kò sí ọmọ ènìyàn kan níbẹ̀, kí àwọn baba wa tó ti Ifẹ̀ dé. Lọ́yà kan ní èèyàn wà, ṣùgbọ́n wọn ò ní ọba, wọn ò ní òfin, ńṣe ni wọ́n ń pa ara wọn bí ẹran, pé àwọn onífìlọ́sọ́fì ti fi èyí múlẹ̀ tipẹ́. Ẹnì kẹta mú ìwé ìròyìn wá pé wọ́n hú egungun èèyàn kan nítòsí Àkúrẹ́ tó ti lé ní 11,000 ọdún. Ó ní Yorùbá ti wà lórí ilẹ̀ yìí láti ìgbà náà nìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ní a ti ibì kan wá, irọ́ ló ń pa. Ta ni kí n kọ tirẹ̀ sílẹ̀? Nínú fìlọ́sọ́fì, iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé lórí ìjọba, èwo ló ni àṣẹ ìkẹyìn?”

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo rò pé ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe egungun ló ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ yín. Bí ẹ bá wo ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, ipò tí ìdílé tirẹ̀ máa wà nínú ìwé náà ni kálukú ń jà fún: ta ló kọ́kọ́ dé, ta ló mú adé wá, ta ló ni ilẹ̀. Mo ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá ti débẹ̀, àwọn èèyàn kì í bèèrè mọ́ pé báwo la ṣe mọ̀; wọ́n á kàn máa wá ìmọ̀ tó máa gbè wọ́n lẹ́yìn. Ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìgbìmọ̀ yín dì sínú ẹrù kan: kí ló ṣẹlẹ̀ láyé àtijọ́, báwo ló ṣe yẹ kí èèyàn máa gbé pọ̀, àti ta ló ní ẹ̀tọ́ lónìí. Ẹ̀rí tó ń dáhùn ọ̀kan kì í dáhùn èkejì. Àìya wọ́n sọ́tọ̀ ló ń da orí rú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ lọ́yà, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló gbajúmọ̀ jù, òun náà ló sì léwu jù. Thomas Hobbes, ará Ìlú Ọba, ló fi í lọ́lẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1651. Hobbes ní níbi tí kò bá ti sí aláṣẹ tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, oníkálukú yóò máa bá ọmọnìkejì rẹ̀ jagun, ayé ẹ̀dá yóò kún fún òṣì àti ìwà ẹranko, ẹ̀mí kò sì ní gùn. Ẹ wo ìgbà tó ń kọ̀wé. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1642. Ní 1649 wọ́n bẹ́ orí ọba wọn, Charles Kìíní. Hobbes fúnra rẹ̀ ti sá lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ìlú tí ìjọba rẹ̀ fọ́ ló ń wò, kì í ṣe ìlú tí kò ní ìjọba rí. Kò walẹ̀ níbì kankan. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí kò fojú ara rẹ̀ rí, ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Síbẹ̀ ó jẹ́wọ́ nínú ìwé kan náà pé òun kò gbà pé gbogbo ayé ló wà bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Nígbà tó di 1755, Jean-Jacques Rousseau gba ọ̀nà kejì. Ó ní ẹ̀dá ìgbà ìwáṣẹ̀ jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, kò ní ìlara, àfi ìgbà tí ohun ìní dé tí ayé bàjẹ́. Òun náà sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àròjinlẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tó fi yẹ kí èèyàn tẹrí ba fún ìjọba, wọ́n sì ń bi ara wọn pé bí kò bá sí ìjọba ńkọ́. Àwọn tó kà wọ́n lẹ́yìn ló sọ àròjinlẹ̀ di ìtàn.

Ní 2017, Karl Widerquist tó jẹ́ onífìlọ́sọ́fì àti Grant McCall tó jẹ́ awalẹ̀pìtàn jọ tọpa ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà Hobbes títí dé òde òní. Wọ́n rí i pé àwọn òǹkọ̀wé lórí ìjọba ń tún un sọ láti ìran dé ìran pé gbogbo èèyàn ló sàn fún lábẹ́ ìjọba ju àwọn tí kò ní ìjọba lọ, ṣùgbọ́n agbára káká ni ẹ ó fi rí ẹni tó mú ẹ̀rí wá. Ọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà láyé ni gbólóhùn yẹn, kò ṣeé fi ìrònú nìkan dá. Nígbà tí lọ́yà yín bá tún ní àwọn onífìlọ́sọ́fì ti fi í múlẹ̀, ẹ lè fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé kò sí èyí tó fi í múlẹ̀ nínú wọn.

Kí wá ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ? Ní Jebel Sahaba, lẹ́bàá odò Náílì ní ilẹ̀ Sudan, wọ́n hú òkú bí 60 tó ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí 13,000 ọdún. Ọ̀pọ̀ wọn, àtọkùnrin àtobìnrin àtọmọdé, ló ní ojú ọgbẹ́ ọfà àti ọ̀kọ̀ lára egungun. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún egungun wọ̀nyí yẹ̀ wò, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021, wọ́n rí i pé ọgbẹ́ àwọn kan ti jinná kí wọ́n tó gba òmíràn: ìkọlù náà kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ní Nataruk, nítòsí Adágún Turkana ní Kẹ́ńyà, òkú 27 ló wà níbẹ̀, nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ti fi nǹkan fọ́ agbárí àwọn kan nínú wọn. Ẹni tó bá ń sọ pé ayé àtijọ́ tutù bí omi àmù gbọ́dọ̀ wo ibi méjèèjì yìí lójú. Ṣùgbọ́n ẹ wo Göbekli Tepe ní ilẹ̀ Tọ́kì. Níbẹ̀, ní ohun tó lé ní 11,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn èèyàn tó ń ṣọdẹ, tó ń ṣa èso inú igbó jẹ, gbé òpó òkúta ràgàjì-ràgàjì dúró, wọ́n sì gbẹ́ àwòrán ẹranko sí wọn lára. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe láìjẹ́ pé ogunlọ́gọ̀ èèyàn fẹnu kò, tí wọ́n sì ń bọ́ ara wọn lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ààfin ọba tí a rí níbẹ̀. Ní Çatalhöyük, ní ilẹ̀ Tọ́kì kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn gbé pọ̀ ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, ilé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ilé kan kò yọrí ju ìyókù lọ bí ààfin. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé kò sí irú ayé kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀dá ń gbé kí ọba tó dé. Ibì kan jagun, ibì kan kò jà, ibòmíràn jà lónìí ó sì parí rẹ̀ lọ́la.

Ẹ ò ní láti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ọba aládé wà lórí ìtẹ́ káàkiri Èkìtì nígbà tí Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886, àgọ́ ogun kò sì tú ká tán títí di 1893. Adé kò dá ogun náà dúró. Ẹ sì tún wo bí Èkìtì Parapọ̀ ṣe rí: ìlú tí kálukú ní ọba tirẹ̀, Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú wọn, kò sí ọba kan ṣoṣo tó jẹ lé gbogbo wọn lórí. Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé ará Iléṣà, tí wọ́n ṣáájú ogun, jagunjagun ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọba. Síbẹ̀ àjọṣe náà dúró fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Mo fẹ́ràn kí àwọn ọmọ wa mọ èyí ju gbogbo ohun tí Hobbes sọ lọ, torí tiwa ni, a sì ní àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò fi òwe gbe lọ́yà lẹ́yìn: àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́, baálé kú, ilé di ahoro. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé ibi tí ètò kò bá sí kò ní dára, àgbà àti baálé sì ti wà lẹ́nu ètò ṣíṣe ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó dé adé. Àwọn olórí ẹbí, àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, àwọn àgbà àdúgbò, òrìṣà tí gbogbo èèyàn jọ ń bọ: gbogbo ìwọ̀nyí ń ṣe òfin, wọ́n sì ń dá ẹjọ́. Ade Obayemi, onítàn tó tún jẹ́ awalẹ̀pìtàn, ṣàlàyé ní àwọn ọdún 1970 pé ìlú kéékèèké tó ń ṣe àkóso ara wọn ló kọ́kọ́ wà káàkiri ilẹ̀ wa, àti pé láàárín wọn ni àwọn ìjọba ńlá ti jáde. Èmi gbà pẹ̀lú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ rí irú ìlú bẹ́ẹ̀ lójú ara yín, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn Yorùbá Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, tí Ìkọ̀lé kò jìnnà sí, bí àwọn baba wọn ṣe ń ṣe ìlú.

Ó kan egungun. Orúkọ ibẹ̀ ni Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Thurstan Shaw àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló walẹ̀ níbẹ̀ ní 1965, wọ́n sì kó òkúta tí èèyàn là fi ṣe irinṣẹ́ jáde lọ́pọ̀ yanturu. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti bá egungun ẹnì kan. Èédú tó wà nítòsí rẹ̀ ni wọ́n fi díwọ̀n ọjọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, ó fún wọn ní ohun tó lé díẹ̀ ní 11,000 ọdún. Ní 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un yẹ̀ wò, wọ́n díwọ̀n egungun náà fúnra rẹ̀, ó bọ́ sí àárín 11,700 àti 16,300 ọdún. Ohun tó ya gbogbo ayé lẹ́nu ni pé agbárí rẹ̀ gùn, kò sì ga sókè, ó jọ ti àwọn èèyàn tó ti gbé ayé pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni kẹta nínú ìgbìmọ̀ yín kò purọ́ nípa ọjọ́ orí rẹ̀. Ibi tó ti ṣìnà ni ibi tó ti ní Yorùbá ni ẹni náà. Egungun kì í sọ èdè tí ẹni tó ni ín ń sọ. Ní Shum Laka, lórí òkè ilẹ̀ Kamẹrúùnù, wọ́n rí òkú àwọn ọmọdé kan tí díẹ̀ nínú wọn ti lo nǹkan bí 8,000 ọdún nílẹ̀, tí ìyókù lo nǹkan bí 3,000. Nígbà tí wọ́n yẹ àmì ìran tó wà nínú egungun wọn (DNA) wò, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2020, wọ́n rí i pé kì í ṣe àwọn ni babańlá ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí. Ó ṣeé ṣe kí ti Ihò Eléérú rí bẹ́ẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Ká má gbàgbé pé nígbà Kírìjì pàápàá, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ọ̀yọ́ ni àwọn baba wa ń pe ara wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni orúkọ Yorùbá tó wá kó gbogbo wa pọ̀. Láti wá fi orúkọ náà lé ẹni tó kú ní ohun tó lé ní 11,000 ọdún sẹ́yìn, àṣejù ni.

Ẹ lè wá bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀rí fi kéré tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ilẹ̀ igbó wa kan, òjò ń rọ̀ sí i lọ́dọọdún, ó ń jẹ egungun tán. Ilé amọ̀ tí a fi ewé bò lórí ń padà di erùpẹ̀. Iṣu, tó jẹ́ ẹ̀mí wa ní Èkìtì, kì í fi kóró sílẹ̀ bí ọkà bàbà tàbí àlìkámà tí awalẹ̀pìtàn lè rí nínú eérú àtijọ́. Ẹnì kan lè ti gún iyán níbì kan fún ẹgbẹ̀rún ọdún kí ilẹ̀ má sì ṣẹ́ ohunkóhun kù fún wa. Yàtọ̀ sí èyí, iṣẹ́ ìwalẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ní Èkìtì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ifẹ̀. Àìrí kì í ṣe àìsí. Ìdí nìyí tí n kò fi lè gbà kí ẹnikẹ́ni kọ “kò sí ọmọ ènìyàn kan níbẹ̀” sínú ìwé.

Ẹni àkọ́kọ́ yẹn gan-an, tó ní igbó òfìfo ni wọ́n bá, kò tilẹ̀ sọ ohun tí àwọn àgbà sọ tán. Ìtàn Adó-Èkìtì tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ní Ewì Àwámárò bá Elésùn àti àwọn èèyàn rẹ̀ nílẹ̀ kó tó gba ìjọba. Ẹ tẹ́tí sí ìtàn ìlú yín dáadáa, ẹ wo ẹni tó ń bọ òkè tàbí odò, ẹ wo ẹni tí ọba tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí. Níbẹ̀ ni orúkọ àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀ máa ń fara pamọ́ sí. Èyí kò sọ ìtàn pé a ti Ifẹ̀ wá di irọ́. Ifẹ̀ jẹ́ ìlú ńlá tó lókìkí ní nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, ohun tó sì jọ òótọ́ lójú mi ni pé àwọn díẹ̀ ló gbé adé àti ètò rẹ̀ wá, tí wọ́n fẹ́ ọmọ àwọn onílẹ̀, tí gbogbo wọn wá di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n èrò tèmi nìyẹn, ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n hú u nílẹ̀.

Ní ti èwo ló ni àṣẹ ìkẹyìn, kò sí. Èkìtì níbí ni a ti kọ́ mi ní ọ̀nà tí mo fi ń yanjú irú rẹ̀. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo bá àwọn oníṣègùn Èkìtì fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí ohun tó yẹ ká pè ní ìmọ̀, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1986. Àwọn àgbà náà ní ohun tí o fojú ara rẹ rí, tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn sọ fún ọ, ìbáà jẹ́ bàbá rẹ, ìbáà jẹ́ ìwé, ìgbàgbọ́ ni, títí o ó fi dán an wò. Bí a bá fi èyí wọn ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìgbàgbọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ti egungun ṣeé dán wò jù, torí ẹlòmíràn lè tún un díwọ̀n bí wọ́n ti ṣe ní 2011. Ti àwọn àgbà ṣeé fi wé ìtàn ìlú tó yí yín ká. Ti lọ́yà ni kò ní ibi tí èèyàn lè gbà dán an wò bó ṣe sọ ọ́ yẹn.

Ohun tí èmi yóò ṣe bí mo bá wà ní ipò yín ni pé kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan máa gbé orísun rẹ̀ dání: àgbà ìdílé báyìí sọ pé báyìí, ní ihò kan nítòsí Àkúrẹ́ wọ́n rí báyìí, kò sì ṣeé so mọ́ ìdílé kankan lónìí. Bí ìdílé méjì bá ta ko ara wọn, ẹ kọ ti àwọn méjèèjì. N kò ní tàn yín: ìwé náà yóò gùn, inú àwọn kan kò sì ní dùn. Ṣùgbọ́n ìwé ìlú a máa dé kóòtù nígbà tí ẹjọ́ oyè tàbí ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, tí ẹ bá sì gbè sẹ́yìn ẹnì kan, orúkọ yín ni wọn yóò máa pè níbẹ̀. Lọ́yà yín yóò mọ ẹjọ́ Kojo àti Bonsie ti 1957: bí ìtàn ìdílé méjì bá takora, kí adájọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà tí kò tíì jìnnà, kó fi mọ èyí tó súnmọ́ òótọ́. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 sì ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà fún ànfààní gbogbo èèyàn. Egungun Ìsàrun kò lè fi ẹnikẹ́ni joyè, n kò sì lè sọ fún yín ẹni tí oyè tọ́ sí. Ìyẹn kọjá iṣẹ́ mi.

Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ní kí ẹ jẹ́ káwọn gbẹ́ ilẹ̀ wò fúnra wọn, ẹ má gbà. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ti gbẹ́ kò ṣeé tún gbẹ́, òfin sì sọ pé a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lórílẹ̀-èdè yìí. Àwọn awalẹ̀pìtàn wà ní yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀ tí ẹ lè kọ̀wé sí. Ohun kan wà tí ìgbìmọ̀ yín lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni ẹdun àrá. Òkúta dídán wọ̀nyẹn tó rí bí ojú àáké, tó wà nínú ojúbọ Ṣàngó àti ní ìgun ilé àwọn àgbà, àáké tí èèyàn fọwọ́ lọ̀ láyé àtijọ́ ni, irú rẹ̀ sì wà nínú ipele òkè ní Ihò Eléérú. Ẹ má gbé e kúrò níbi tó wà, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ojúbọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ orúkọ oko tí wọ́n ti rí i, ẹni tó rí i, àti bóyá ó ń gbẹ́ poro ni tàbí ó ń wa kòtò ilé. Bí ẹ bá ti kó díẹ̀ jọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, n óò bá yín wá ẹni tó mọ òkúta dáadáa tí yóò wò wọ́n.